Ijó Tí Ìlú Ń Jó Ni Kí Ẹ Kọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Nkembo, ní Libreville, láàárín ara yín nìkan lẹ ti ń jó, ẹ wá ń ṣàròyé pé ará Gabon kì í yá mọ́ àlejò. Ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́, ijó tí ìlú ń jó ni kó kọ́. Ẹ fi rúmbà Kongo bẹ̀rẹ̀, èyí tí UNESCO kà mọ́ àjogúnbá aráyé ní 2021: ijó ẹni méjì ni, kò sì gba ìkánjú. Ibi ìdánrawò ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ilé ọtí òru. Ẹ kí àwọn tí ẹ bá níbẹ̀ ní Faransé, kí ẹ fi fóònù sápò. Ijó Bwiti yàtọ̀ o. Ẹ̀sìn ni, ẹ má sì fọwọ́ kan iboga, gbòǹgbò tí àwọn ẹlẹ́sìn náà ń jẹ.

Ẹ lè sọ pé owó lẹ wá wá, kì í ṣe ijó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1978, Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde nítorí aáwọ̀ àwọn olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ọ̀rẹ́ kò lè dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró, àmọ́ ó lè tètè ta yín lólobó, ó sì lè bá yín tọ́jú ẹrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé ìgbélùú dání kí ẹ tó gbé bàtà ijó.