Yóga Wo Ló Bá Ara Mi Mu?

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn, mo ti lé ní ẹni ọdún 55. Ẹ̀yìn ń ro mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń kán oògùn sójú nítorí glaucoma. Ọmọ mi fi fídíò yóga kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní yóò wo ẹ̀yìn mi sàn. Ẹni inú fídíò náà ń forí dúró. Ṣé kí n máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má forí dúró. Téèyàn bá dorí kodò, omi inú ẹyinjú á máa ti ojú ju bó ṣe yẹ lọ, títì yẹn gan-an ló sì lè ba iṣan ìríran jẹ́ lójú ẹni tó ní glaucoma. Ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá ò fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin náà kì í gé aṣọ láì kọ́kọ́ wọn oníbàárà. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn ò mọ̀ yín rí. Olùkọ́ tó fẹ́ fi yóga tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ bèèrè oògùn tó ń lò, iṣẹ́ tó ń ṣe, bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń mí. Ọ̀nà yìí ni olùkọ́ yóga kan, Krishnamacharya, tọ̀ nílùú Madras ní Íńdíà, tó ń kọ́ aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀, Desikachar, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lórúkọ bàbá rẹ̀ lọ́dún 1976. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ wọn ni pé èémí ló ń ṣáájú, ara á wá tẹ̀ lé e.

Yóga wúlò fún ẹ̀yìn o. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, American College of Physicians, kà á mọ́ ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ gbìyànjú fún ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́, kó tó kan oògùn.

Ẹ fi fídíò yẹn hàn dókítà ojú yín, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá èyí tí mo fẹ́ sọ yìí bá yín mu. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ orí, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àga láti orúnkún. Bẹ́ ẹ ṣe ń mí sínú, ẹ rọra gbé apá sókè. Bẹ́ ẹ ṣe ń mí síta, ẹ rọra dá a padà. Kí mímí síta fi díẹ̀ gùn ju mímí sínú lọ. Ẹ má séèémí rárá. Ìgbà mẹ́fà láàárọ̀ ti tó, kẹ́ ẹ tún un ṣe tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Nídìí ẹ̀rọ, ẹ máa dìde lóòrèkóòrè.

Ẹ má torí èyí pa oògùn ojú tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń kú tipiri, tàbí tí ẹ ò lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, ẹ fi yóga sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.