ÌWỌ̀N ÌTÀNṢÁN X-RAY ÀTI ARA ỌMỌ ÈNÌYÀN

 

Lẹ́yìn kéwú ọjọ́ Sátidé kan, ìyá ọmọ kan bi wá léèrè pé: "Àáfà, dókítà ní kí ọmọ mi lọ ya X-ray àyà nítorí ikọ́ tí kò lọ. Àwọn kan ní ó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣé kí n jẹ́ kó yà á?" A rí i pé ó yẹ kí a dáhùn fún gbogbo yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ní Mushin àti Surulere ni ó ń lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ni ó ṣàwárí X-ray ní ọdún 1895. Ìtànṣán ni, bíi ti oòrùn, ṣùgbọ́n ojú kò rí i, ó sì ń gba inú ẹran ara kọjá. Èdè Lárúbáwá ń pe ìwọ̀n rẹ̀ tí ó wọ ara ní jur‘a, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún omi tí ènìyàn gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu gan-an. Omi ẹnu kan kì í pani. Ẹni tí ó bọ́ sínú ọ̀sà ni omi ń gbé lọ.

Òṣùwọ̀n méjì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Gray ń wọn agbára ìtànṣán tí ó dúró sínú kílógíráàmù kan nínú ara. Sievert ń wọn ewu tí ó lè ti ibẹ̀ wá. Millisievert sì ni ìdá kan nínú 1,000 rẹ̀. Ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti òfurufú ń fún ènìyàn ní nǹkan bíi millisievert 2.4 lọ́dún, ní ìpíndọ́gba gbogbo ayé. X-ray àyà kan kì í sábà ju 0.1 lọ, ìyẹn ohun tí ara ń gbà ní bíi ọjọ́ 15. Ṣùgbọ́n CT àyà tó nǹkan bíi 7, tí í ṣe ti bí ọdún mẹ́ta.

Ìtànṣán lè ba inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ara sì ń tún púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́, irun á re, awọ á bó. Bí gray 4 bá kan gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìtọ́jú, ó lè pa bí ìdajì àwọn tí ó kàn. Bí ó bá kéré, ewu jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú á kéré, ṣùgbọ́n a kò ní kà á sí òfo. Síbẹ̀, ìtànṣán ni wọ́n tún fi ń pa jẹjẹrẹ ní LUTH: wọ́n lè fún ojú àrùn nìkan ní gray 2 lóòjọ́, títí yóò fi tó 60.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ya X-ray láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ yà á. Ẹ tọ́jú fíìmù àtijọ́, kí wọ́n má baà tún un yà. Aláboyún, tàbí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, kó sọ fún wọn kó tó wọlé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ di ọmọ mú, ẹ béèrè ẹ̀wù òjé.

A sọ fún ìyá náà pé kí ó mú ọmọ lọ. Ikọ́ ife tí a kò tètè rí léwu ju fíìmù kan lọ. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.