Káàdì Bobby Moore Nínú Agolo Mílò: Ẹ̀kọ́ Lórí Orúkọ Tí Etí Gbọ́

Nígbà tí mo ń kó ọ̀rọ̀ àyálò jọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ní Ìpàtà, ní Ìlọrin, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Bàbá fa agolo Mílò kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Káàdì agbábọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá tó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan rí ló fi wọ́n ránṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ A&BC ní Romford máa ń fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ sínú ṣíngọ́ọ̀mù nígbà náà. Ẹni tó bá rà á kì í mọ àwòrán ẹni tí yóò bá nínú rẹ̀ àfi tó bá já a. Bí ó bá ní méjì ẹnì kan náà, yóò fi ọ̀kan ṣe pàṣípààrọ̀.

Èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù ni ti Bobby Moore, balógun ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 1966, nígbà tí wọ́n na Ìwọ̀-oòrùn Jámánì 4-2 ní Wembley. Ìgbà 108 ló gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ṣe balógun nínú 90.

Lẹ́yìn káàdì náà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí i ní Ajami, Yorùbá tí a fi háráfì Lárúbáwá kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú ẹbí ní kí a pa á rẹ́, pé àwọn tó ń ra káàdì àtijọ́ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti kọ nǹkan sí. Bàbá ò dá a lóhùn. Èmi tí mo lọ ilé kéwú kà á sókè: “Búbì Mú.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Rárá, ọmọ mi. Bọ́bì Mọ́ọ̀ ni. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pè é nìyẹn.”

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí mo ti ṣìnà. Àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta péré ni Lárúbáwá ní: ti a, ti i àti ti u. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní. Nítorí náà, àmì u ni wọ́n sábà máa ń lò fún u, o àti ọ. Kò sì sí àmì ohùn níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tí Bàbá sọ bá òfin mu. Ará Lọ́ńdọ̀nù kì í pe r tó wà ní ìparí Moore, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì sún mọ́ ọ wa. Ẹ fi wé fọ́ọ̀kì àti káàdì: r pòórá, fáwẹ̀lì gùn, ohùn òkè ṣáájú, ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. A fi i parí àwọn yẹn torí pé kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù wa. Fáwẹ̀lì ló parí Moore, kò nílò i. Etí ni wọ́n fi yá orúkọ yìí. Ojú ni èmi fi kà á.

Àwòrán sọ ẹni tó jẹ́. Pẹ́ńsù sọ pé ẹnì kan ní Ìlọrin dárúkọ rẹ̀. Ẹnu Bàbá nìkan ló sọ bí wọ́n ṣe pè é, Bàbá sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bí a bá pa ìkọ̀wé yẹn rẹ́, kò sẹ́ni tí yóò rántí bèèrè. Bí a bá sì pẹ́ jù ká tó bèèrè, kò ní sẹ́ni tí yóò dáhùn.

Mo fi fóònù gba ohùn Bàbá sílẹ̀ lórí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bèèrè iye tí wọ́n máa rà á. Bàbá ní kí ó dúró ná. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá délé, ẹ wo abẹ́ ibùsùn àwọn àgbà yín, kí ẹ sì bèèrè orúkọ.