Àwòrán Ojú Kọ̀ǹpútà Nínú Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́ ni ó ń gbèrò láti fi kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sí ara ògiri ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìlò rẹ̀.

Ní ọdún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, aládùúgbò wa, fi Ọpọ́n Ìmọ̀ lé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́wọ́. Ìwé pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé nìkan kì í kọ́ ẹnu ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bí olùkọ́ bá kọ òfin gírámà kún ojú PowerPoint, tí ọmọ sì ń dà á kọ, pátákó dúdú àtijọ́ náà ni, iná mànàmáná nìkan ni a fi kún un.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. "Ó" kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Nítorí náà ni ọmọ Ìlogbò-Èkìtì fi ń pe ìyá rẹ̀ ní "he". Kí olùkọ́ gbé àwòrán ìyá tí ń gúnyán jáde láìkọ ọ̀rọ̀ sí i. Kí ọmọ fi "she" dá gbólóhùn tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó yọ sójú àwòrán. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ fúnra wọn fi fóònù ya àwòrán ọjà àti oko, kí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn rẹ̀ níwájú kíláàsì.

Olúwa wa pàápàá fi ẹyẹ àti òdòdó kọ́ni. Bí a ó bá ra ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a ná owó sórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ pẹ̀lú.