Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ará Samáríà, àti Obìnrin tí Ń Fẹ́ Obìnrin Nígbà Àìsàn

Kíkà: Ìhìnrere ti Lúùkù Mímọ́, orí 10, láti ẹsẹ 25 dé 37.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú ìjọ, àfi bí a bá ń bínú tàbí bí a bá ń fi í ṣe ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin ẹgbẹ́ wọn ni. Àwa kò fẹ́ tún àríyànjiyàn tí ó ti pín àwọn ìjọ Áńgílíkà níyà káàkiri ayé dá sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ béèrè: nígbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ṣàìsàn, kí ni ojúṣe Kristẹni sí i?

I. Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Náà

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lesbian ni a ń pè wọ́n. Orúkọ náà ti inú erékùṣù Lesbos ní ilẹ̀ Gíríìkì wá, níbi tí obìnrin akéwì kan tí a ń pè ní Sappho gbé ní nǹkan bí 600 ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Ó kéwì nípa ìfẹ́ tí ó ní sí àwọn obìnrin, orúkọ ìlú rẹ̀ sì di orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni a ti rí wọn. Ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọmọ ọmọ àwọn ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, mati ni a ń pe àwọn obìnrin tí ń bá obìnrin fẹ́ra. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì bí ọmọ fún ọkùnrin.

Kí a ṣọ́ra, síbẹ̀, kí a má ṣe fi orúkọ ohun kan pe òmíràn. Ní ilẹ̀ Ìgbò ní ayé àtijọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tàbí èyí tí kò rí ọmọ bí lè san owó orí obìnrin mìíràn, kí ọmọ tí ó bá bí lè máa jẹ́ orúkọ ilé rẹ̀. Ètò ogún ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Àwa Yorùbá pàápàá ńkọ́? Ìyàwó ilé a máa pe arábìnrin ọkọ rẹ̀ ní "ọkọ mi," òun náà a sì máa dá a lóhùn pé "ìyàwó mi." Àlejò tí kò gbọ́ èdè wa lè rò pé òun ti mọ ohun tí èyí jẹ́, kí ó sì ṣì í pátápátá. Bí a kò bá fẹ́ kí àlejò fi etí kan ṣoṣo gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa, kí àwa náà má ṣe fi etí kan gbọ́ ti ẹlòmíràn.

II. Ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní San Diego

Ní ọdún 1981 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kéde àrùn tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà sí éèdì. Àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ pa púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn, nítorí a kò tíì mọ ohun tí ń fà á. Ní ilé-ìwòsàn mìíràn, ẹnu ọ̀nà ni a ń gbé oúnjẹ aláìsàn kalẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1983, ìjọba Amẹ́ríkà gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn pé kí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Báyìí ni àwọn aláìsàn ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn kò sì lè fún wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 1983 kan náà, ní ìlú San Diego ní Kalifóníà, àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin ké sí ara wọn. Wọ́n jáde láti fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn tí ó wá súnmọ́ 200. Blood Sisters ni wọ́n ń pe ara wọn, èyí tí í ṣe Arábìnrin Ẹ̀jẹ̀. Wọn kò sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ kì í ṣe ọkọ wọn, kì í ṣe ọmọ wọn, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ojúlùmọ̀ wọn rárá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú Ìwé Mímọ́. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì sì kọjá. Ẹni tí àwọn Júù kò bá da nǹkan pọ̀ ni ó di ọgbẹ́ ẹni tí a lù. Ẹ kíyèsí i pé Olúwa kò wí níbì kan pé ìsìn àwọn ará Samáríà tọ̀nà. Ní Jòhánù orí 4, Ó sọ fún obìnrin ará Samáríà ní gbangba pé láti ọ̀dọ̀ àwọn Júù ni ìgbàlà ti wá. Síbẹ̀, ará Samáríà ni Ó fi ṣe àpẹẹrẹ ọmọnìkejì. Nígbà tí Ó sì bi amòfin náà léèrè, ọkùnrin náà kò lè fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ ará Samáríà. Ó ní ẹni tí ó ṣàánú ni. Ẹnu àwa náà a máa wúwo bẹ́ẹ̀ nígbà tí àánú bá ti ibi tí a kò fẹ́ wá.

III. Ohun tí Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Wí

Ní ọdún 1998 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo ayé péjọ ní Kántábérì fún ìpàdé Lámbẹ́tì. Àwọn ti Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ wọ́n ṣe ìpinnu tí nọ́mbà rẹ̀ í ṣe 1.10: 526 dìbò fún un, 70 lòdì sí i, 45 kò sì dìbò. Gbogbo wa ni a mọ apá kan ìpinnu náà: pé ìgbéyàwó jẹ́ ti ọkùnrin kan àti obìnrin kan títí ọjọ́ ayé, àti pé ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, tàbí obìnrin pẹ̀lú obìnrin, kò bá Ìwé Mímọ́ mu. Ìjọ wa ní Nàìjíríà kò yí kúrò lórí èyí.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà nínú ìwé kan náà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ìlérí láti tẹ́tí sí ìrírí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Wọ́n ní Ọlọ́run fẹ́ràn wọn. Wọ́n ní ẹni tí ó ti ṣe ìrìbọmi, tí ó gbàgbọ́, tí ó sì jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn, ẹ̀yà ara Kristi ni ní kíkún. Wọ́n pe gbogbo wa láti ṣe ìtọ́jú olùṣọ́-àgùntàn fún wọn, kí a sì dá ẹ̀rù asán tí a ní sí wọn lẹ́bi. Ìbò kan náà ni ó gbé apá méjèèjì wọlé. Ẹni tí ó bá di ọ̀kan mú tí ó sì ju ìkejì nù, ìdajì ìpinnu ni ó ń pa mọ́.

IV. Àìsàn tí Ìdákẹ́ Ń Mú Burú

Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ pa nǹkan bí 350,000 obìnrin ní ayé ní ọdún 2022. Kòkòrò àìfojúrí kan tí a ń pè ní HPV ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Nígbà púpọ̀ ara fúnra rẹ̀ a lé kòkòrò náà jáde. Bí ó bá dúró, ó lè gba ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Nítorí náà ni àyẹ̀wò fi wúlò: a lè rí i kí a sì wò ó kí ó tó di ewu. Ní ọ̀nà kan, nọ́ọ̀sì a fi omi kíkan bí ti ọtí kíkan kan ibẹ̀, ibi tí ó bá ní àbùkù a sì di funfun.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ibòmíràn, a ti ń sọ fún àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin pé àyẹ̀wò yìí kò kàn wọ́n. Nígbà mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ ìwòsàn gan-an ni ó ń sọ ọ́. Kì í ṣe òótọ́. Ara sí ara ni kòkòrò náà fi ń ràn, ó sì lè ti ara obìnrin kan ràn mọ́ òmíràn. Àwọn mìíràn nínú wọn sì ti bá ọkùnrin gbé rí. Ìdí kejì tí wọn kì í fi í lọ ni ìtìjú: ẹ̀rù ìbéèrè nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù pé ohun tí a bá sọ nínú yàrá yóò di ohun tí ọjà gbọ́. Ẹni tí ó bá ń fi òtítọ́ pamọ́ fún oníṣègùn, ìtọ́jú tí kò bá àìsàn rẹ̀ mu ni yóò rí gbà.

Ní ilẹ̀ wa ẹ̀rù náà pọ̀ sí i láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, nígbà tí a fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ kan nínú òfin náà tí ó ní kí a má ṣe tọ́jú aláìsàn.

V. Ohun tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà inú ìjọ: ẹ béèrè ohun tí iṣẹ́ yín ń fẹ́, ẹ má ṣe fi ìwàásù kún un lórí ibùsùn aláìsàn. Ará Samáríà da òróró àti wáìnì sí ọgbẹ́ náà. Kò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó gbé ọkùnrin náà gba ọ̀nà Jẹ́ríkò.

Ẹ̀yin olùkọ́: bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin kan, ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹ sì gba àwọn òbí níyànjú nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Gbogbo ọmọbìnrin ni ó wà fún.

Ẹ̀yin tí ń bẹ aláìsàn wò: ẹyin ni ohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀pọ̀ òfófó ni ó ń gbé agbádà àdúrà wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà fún arábìnrin kan kò ní láti kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún ogún ènìyàn.

Ẹ̀yin òbí: ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi pàṣán tàbí ebi ṣe ìtúsílẹ̀ fún ọmọ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ irú ìfẹ́ yìí kúrò nínú ìwé orúkọ àrùn láti ọdún 1990. Ẹni tí ó bá ń gba owó láti wò ó bí àrùn, ohun tí kò ní ni ó ń tà.

Ará Samáríà gbé ẹni náà dé ilé-èrò, ó san owó, ó sì ṣe ìlérí láti padà wá. Nígbà tí amòfin náà ti dáhùn tán, àṣẹ kan ṣoṣo ni ó gbà: kí ó lọ, kí òun náà sì máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè fún Kíláàsì

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí amòfin náà kò fi dárúkọ ará Samáríà?
2. Kí ni apá méjì ìpinnu Lámbẹ́tì ọdún 1998? Èwo ni ìjọ yín ti ń ṣe?
3. Èé ṣe tí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ fi kan obìnrin tí kò bá ọkùnrin gbé rí?
4. Bí arábìnrin kan bá fi àṣírí àìsàn rẹ̀ hàn yín lónìí, ta ni yóò ti gbọ́ ọ kí Ọjọ́ Ìsinmi tó dé?