Dígí Tí Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ọwọ́ Ènìyàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí dígí kan tí kò ti inú ilé iṣẹ́ jáde.

Bí òkúta ńlá bá já láti ojú ọ̀run lu ilẹ̀, ooru rẹ̀ máa ń yọ́ àpáta bí oòrùn ṣe ń yọ́ òrí. Ohun tó yọ́ náà yóò ta sókè, yóò fò lọ jìnnà, yóò sì le di dígí kí ó tó balẹ̀. Tektite ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nítòsí wa. Inú kòtò tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn ni adágún Bosumtwi wà, lẹ́bàá Kumasi ní Gánà. Kòtò náà fẹ̀ tó kìlómítà 10. Ṣùgbọ́n Ivory Coast, tó ju kìlómítà 200 lọ síbẹ̀, ni a ti ń rí dígí rẹ̀. Lacroix, onímọ̀ òkúta ọmọ Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1934.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé Bosumtwi ni ó ti wá? Ọjọ́ orí àwọn méjèèjì dọ́gba, èròjà wọn bára mu, a sì mọ ibi tí wọ́n ti ṣà á.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó irú òkúta yìí jọ, kí ó kọ ibi àti ọjọ́ tí ó rí i sílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá sọnù, ẹ̀rí ti dínkù. Bí oníṣòwò bá sì gbé e wá, kí a tó béèrè iye owó, ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, kí ó má baà jẹ́ àfọ́kù ìgò ni a ó rà.