Ẹ́ńjìnnì Dísù Nínú Ọkọ̀ Akẹ́rù: Ṣe Èyí, Má Ṣe Tọ̀hún

Láti Tafo ní Kumasi, kò jìnnà rárá sí Suame Magazine, ibi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó pa dà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi àlòkù irin ṣe odidi ọkọ̀ kan lọ́dún 2013, wọ́n pè é ní Turtle 1. Kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, kí wọ́n fi dísù rọ́pò rẹ̀, ò ṣòro fún wọn. Ọlọ́kọ̀ tó ṣírò owó ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kó ara rẹ̀ sí wàhálà.

Ṣe: Mọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà fẹ́ ṣe. Èyí tó máa lọ kó àgbàdo wá láti Ejura, tó máa fi ẹrù sọ̀kalẹ̀ lókè Mampong, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń gbé àga kiri ìgboro. Cummins 4BT lágbára lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo ju 300 kílò lọ. Gbé e sínú ọkọ̀ kékeré, sípíríǹgì iwájú á wolẹ̀.

Má ṣe: Má ra ẹ́ńjìnnì tí o kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tàn án; bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti mú kó gbóná dè ọ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣí ìdérí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá ń rú níbẹ̀ bí ìkòkò ẹ̀kọ, ríìngì ti bà jẹ́. Dá owó rẹ pa dà sápò.

Ṣe: Ra géàbọ́ọ̀sì, sítátà àti wáyà láti ara ọkọ̀ kan náà tí ẹ́ńjìnnì ti wá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Jàpáànù ló ń lo iná 24 fólítì. Bóyá 12 ni tìrẹ. Bí géàbọ́ọ̀sì àtijọ́ lo fẹ́ lò dandan, ẹni tó mọ léèsì dáadáa ni kó gé irin tó máa so méjèèjì pọ̀. Irú wọn wà ní Suame: láti 1980 tí yunifásítì KNUST ti ṣí ITTU, ẹ̀ka tó ń gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, síbẹ̀ ni iṣẹ́ léèsì ti ń gbilẹ̀ ládùúgbò yẹn. Bí irin náà bá fi díẹ̀ yẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ló máa jìyà rẹ̀.

Má ṣe: Má gbàgbé bíréèkì. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kó o farabalẹ̀ kà. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ tó ń ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ lórí bíréèkì. Dísù kì í fà á bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù tirẹ̀ ló ń bá a fà á. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota, ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ ni pọ́ǹpù yẹn wà. Bí oníwáyà bá yọ ọ́tánétọ̀ náà, tó fi òmíràn tó dínwó rọ́pò rẹ̀, mọ́tò á tan, iná á wà, ìwọ á máa rẹ́rìn-ín. Tó o bá tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta, pẹ́dà á le gbagidi. Nítorí náà, dán an wò: pa ẹ́ńjìnnì, tẹ bíréèkì títí á fi le, má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kó o wá tan ẹ́ńjìnnì. Pẹ́dà gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá rọ̀, ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, ohun yòówù kí ọ̀gá fítà sọ.

Ṣe: Fọ tánkì. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rá ra inú pọ́ǹpù epo. Bẹntiróòlù tó ṣẹ́ kù máa ń bà á jẹ́. Fi fílítà tó ń yọ omi sí i, kó o sì ṣe ọ̀nà tí epo fi máa pa dà sí tánkì.

Má ṣe: Má jẹ́ kí wẹ́lídà fọwọ́ kan ṣáásì nígbà tí bátìrì ṣì wà lórí.

Ṣe: Wo ọ̀nà sítíárìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni Ghana ti ń wa ọkọ̀ láti August 4, 1974, nítorí náà ọwọ́ òsì ni sítíárìn wà. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti Britain tàbí Jàpáànù wá lè fi sàléńsà rẹ̀ dí irin sítíárìn rẹ.

Má ṣe: Má fi dífà àtijọ́ sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Dísù kì í yí kíákíá bíi bẹntiróòlù. Ọkọ̀ á máa ké, kò ní sáré.

Ṣe: Gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀, kó o gbé e lọ sí DVLA, ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, kí wọ́n tún ìwé ọkọ̀ kọ kó o tó kó ẹrù àkọ́kọ́. Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró ní Pankrono, ìwé yẹn ni wọ́n máa béèrè, wọn ò ní bi ọ́ léèrè ẹni tó bá ọ kan ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn.